Ọjọ́ Tí Gbogbo Wa Panu Mọ́ ní Elekahia

Ráájí Àyìnlá. Ọmọ Ọlálọmí, ọmọ abíṣujóóko, Ìyèrú Ọ̀kín, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Bàbá Kúbúrá, ọkọ Sáúdátù, atúnaagoṣe tí í gbé aago sétí bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Ọ̀rẹ́ mi ti sùn.

Kúbúrá ọmọ rẹ̀ ló ní kí n kọ ohun tí mo bá rántí sílẹ̀. Pidgin ló fi bẹ̀ mí, torí Port Harcourt ni wọ́n bí i sí: “Daddy Tailor, abeg write am for Yoruba, make e sweet my papa.” Mo ní ta ni yóò wá kà á fún ìwọ fúnra rẹ? Ó ní òun ó wá ẹni. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí wọ́n tó fà mí lé télọ̀ lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà, ẹni tó bá ń kà á fún ọmọ yìí kó bá mi fi ohùn dídùn sí i.

Ọdún kẹta lẹ́yìn tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ni mo dé Port Harcourt. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò ní adùn kankan, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí kì í ṣe òjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ibẹ̀ kì í bèèrè oṣù. Ìkíni ni. Mo jí láàárọ̀, mo jáde sí ojú ọ̀nà ní Rumuodara níbi tí mo háyà yàrá sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé: ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú òjò àná o, ẹ kú ẹrọ̀fọ̀ o. Ọkùnrin kan dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ngbati, who die?”

Ngbati, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ọmọ Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní, “Then why you dey greet like this?” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo rí ìsọ̀ kan ní D-Line, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi síbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé aṣọ wá fún mi ni Mista Dagogo, ará Kalabari, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rẹ́rìn-ín. Wókò ló fẹ́ kí n rán, ìyẹn aṣọ gígùn tí àwọn ọkùnrin Rivers ń wọ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n wúrà dè lọ́rùn. N kò rán an rí. Mo fi ọgbọ́n dàńṣíkí rán an. Nígbà tó wọ̀ ọ́, atẹ́gùn D-Line wọnú rẹ̀, aṣọ wú bí ọ̀pọ̀lọ́. Mista Dagogo na ọwọ́ méjèèjì, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, “Tailor, where the other person?”

Mo tú u, mo tún un rán. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń rán wókò náà lójú oorun. Nígbà tó padà wá wọ̀ ọ́, ó kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé mo ti yege. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí n ó sọ fún.

Nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn ni mo ti máa ń pe Àdùkẹ́ ìyàwó mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó máa ń bi mí léèrè bóyá mo ti jẹun, bóyá ara mi le. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ṣé o ti rí èèyàn níbẹ̀?”

Mo ní, “Èèyàn pọ̀ bí omi níbí.”

“Èèyàn tí ò ń bá sọ̀rọ̀ ni mò ń bi ọ́.”

Mo dákẹ́.

Àdùkẹ́ ní, “Ó dáa. Mo ti gbọ́.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni aago ọwọ́ mi kú. Wọ́n júwe atúnaagoṣe kan fún mi ní ìdojúkọ ilé epo. Mo bá a, ó fi gíláàsì kékeré há ojú kan, ó dorí kodò. Mo kí i ní Pidgin. Kò dáhùn. Mo gbàgbé ara mi, mo ní, “Háà, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó gbé orí sókè, gíláàsì jábọ́ lójú rẹ̀.

“Ọmọ ibo?”

“Ògbómọ̀ṣọ́ ni.”

“Ọmọ Àjílété! Jókòó.” Ó sún àpótí sí mi. Lẹ́yìn náà, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ títí aago mi fi jí. Bí Ráájí ṣe rí nìyẹn. Ó ní ní ìdí aago, tó o bá ń sọ̀rọ̀, ohun tó kéré jù nínú rẹ̀ ni yóò fò lọ, òun náà sì lo ń wá.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló mú mi lọ sí abẹ́ páànù ní Elekahia. Baálé kan tó ń jẹ́ Wobo, ọmọ Ikwerre, ló ni páànù náà. Ó kàn kọ́ ọ kí òjò má baà pa ẹnikẹ́ni níwájú ilé rẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń jókòó sí ìhà kan, a ó tẹ́ ọpọ́n ayò. Mo rí Múrí níbẹ̀, ẹlẹ́ran, ará Ìséyìn, tí ohùn rẹ̀ lè mú kí màlúù jókòó. Mo rí Ìyá Sìlífá ará Ìlọrin, tó ń kiri wàrà, tó dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ní ìhà kejì, Mista Dagogo ni mo rí! Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, eré òyìnbó tí wọ́n ń fi igi gbígbẹ́ ta lórí pátákó, wọ́n dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ wàásù.

Ẹni tó bá mọ ayò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni iyọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń jẹ ni ọ̀pẹ. Ẹni tó bá dé bá àwọn méjì nídìí ọpọ́n gbọ́dọ̀ kí wọn pé, “Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ o!” Ọ̀ta nìkan ló láṣẹ láti dáhùn, á ní, “Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!” Gbogbo èèyàn á hó, ọ̀pẹ á wolẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, a jẹ́ pé ọ̀pẹ ni àwọn méjèèjì nìyẹn.

Lọ́dọ̀ àwọn Mista Dagogo, èèwọ̀ ni gbogbo èyí. O ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, o ò gbọdọ̀ kùn, o ò gbọdọ̀ na orí sórí pátákó. Igi tí o bá fọwọ́ kàn, àfi kó o gbé e. Múrí lọ dán an wò lọ́jọ́ kan, apá agbádá rẹ̀ gbá ẹṣin kan lórí pátákó. Ó ní òun ò fọwọ́ kàn án, aṣọ ló kàn án.

Mista Dagogo ní, “The cloth na your own?”

“Ehn, na my own.”

“Then move am.”

Múrí gbé ẹṣin náà, wọ́n jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ wa, ó ní òun ò lè bá àwọn tó ń fi aṣọ dá èèyàn lẹ́jọ́ ṣeré. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ké mọ́ wọn láti ọ̀dọ̀ wa. Igi tí wọ́n ń pè ní bíṣọ́ọ̀bù, Múrí ní lèmọ́mù lòun ó máa pè é, ṣùgbọ́n lèmọ́mù wo ló ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ báyìí, ṣé ó ti mu nǹkan ni?

Ráájí nìkan ló lè jókòó sí ìhà méjèèjì. Aago olójú méjì tí wọ́n fi ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ló bà jẹ́ lọ́jọ́ kan, òun ló tún un ṣe, ó wá jókòó ti àwọn oníṣẹ́ẹ̀sì láti mọ̀ bóyá ó ń rìn dáadáa. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Tó bá ti ta ayò pẹ̀lú wa, tí a ti bú ara wa tán, á dìde, á lọ dákẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo bi í pé kí ló rí nínú rẹ̀. Ó ní, “Ó ń fún etí mi nísinmi.”

Ìjà dé lọ́jọ́ kan tí àlejò kan jẹ Mista Dagogo mọ́lẹ̀. Mista Dagogo ní ẹ̀rín Múrí ló da ọkàn òun rú. Múrí ní ẹ̀rín òun ò mọ ṣẹ́ẹ̀sì. Mista Dagogo dìde, ó ní, “Every Sunday, noise! This na chess, no be slaughter!” Múrí náà dìde. Wobo jáde láti inú ilé pẹ̀lú pákò lẹ́nu, ó gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, ó tutọ́, ó ní páànù òun kì í ṣe kóòtù. Ó wá dájọ́ náà: ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí Ráájí àti Tíṣà ta ṣẹ́ẹ̀sì kan. Kí gbogbo èèyàn jókòó. Ìhà tí ẹnu rẹ̀ bá ṣí kí eré náà tó parí, kó kó ọpọ́n rẹ̀, kó wábi gbà. Ta ló jẹ, ta ni wọ́n jẹ, kò kan òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè rò pé kí ni páànù jẹ́. Ní Rumuodara, ògiri yàrá mi nìkan ló ń dá mi lóhùn. Ní ìsọ̀, Pidgin ni láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnu mi a máa rẹ̀ mí bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ bàtà olóbàtà. Abẹ́ páànù ni mo ti ń bọ́ bàtà náà. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè sọ ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín kí n tó parí rẹ̀. Kí a má baà pàdánù ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀, àfi kí a dákẹ́. Àwa! Àwa tí a kì í lè kọjá lára adìẹ láìkí olówó rẹ̀.

Múrí fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ ìdákẹ́. Ó ń ta ẹran láìsọ̀rọ̀, ó ń fi ọ̀bẹ júwe. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rò pé ohùn rẹ̀ ti há, ẹnì kan gbé orógbó wá, ẹnì kan gbé oyin wá. Ó gba méjèèjì, kò sì dúpẹ́, torí pé ó ń kọ́ ìdákẹ́.

Ọjọ́ náà pé. Ráájí wọ funfun. Mista Dagogo wọ wókò tí mo rán. Wọ́n tẹ aago, eré bẹ̀rẹ̀.

Áà, mo rí ìyà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ a máa yún èèyàn lọ́nà ọ̀fun bí ata. Ráájí fẹ́ gbé igi kan tí kò yẹ kó gbé, mo rí i, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, mo fi ìka ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ títí ó fi fa ọwọ́ padà. Àwọn ọ̀rẹ́ Mista Dagogo náà ò ṣe jẹ́jẹ́. Ọ̀kan ń fọ́ ẹ̀pà, ó ń fọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kàkà, kàkà, nítorí ẹ̀pà kì í ṣe ẹnu. Múrí rí i, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọ̀bẹ sára bàtà rẹ̀. Orúnkún Mista Dagogo ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, ọba àti ayaba ń jó. Ráájí wo orúnkún náà, ó wo Tíṣà lójú, Tíṣà gbé ọwọ́ lé orúnkún ara rẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ.

Fóònù mi dún. Ọlọ́run mi! A ti ra fóònù nígbà yẹn, Àdùkẹ́ pàápàá ti ní tirẹ̀. Mo fẹ́ pa á, ìka mi tẹ ibi tí kò yẹ, ohùn Àdùkẹ́ sì bú jáde kárí abẹ́ páànù: “Bàbá Táíwò! Bàbá Táíwò o! Ṣé ò ń gbọ́ mi?”

Gbogbo àwọn oníṣẹ́ẹ̀sì dìde, wọ́n nàka sí mi, wọ́n nàka sí Wobo. Wọn ò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìka wọn ń pariwo. Wobo nìkan ni òfin kò mú. Ó fa pákò yọ. “That woman dey Ogbomosho,” ó ní. “She no dey under my zinc.”

Mo pa fóònù. Ráájí ò gbé ojú sókè.

Eré ń lọ. Ìhà Mista Dagogo ń rọ́wọ́ mú, ó ti jẹ igi kan tí wọ́n ń pè ní ilé ìṣọ́ lára Ráájí. Ibẹ̀ ni Ìyá Sìlífá ti dé, igbá wàrà lórí. Ó ti lọ sílé ní Ìlọrin láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó rí àwọn méjì nídìí pátákó, ó rí èrò yí wọn ká. Kí ni ọmọlúàbí yóò ṣe?

“Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ o!”

Àwọn oníṣẹ́ẹ̀sì nàka sí i, Wobo nàka sí ẹsẹ̀ rẹ̀: ìta páànù ló dúró sí.

“Mo ní mo kọ́ta, mo kọ́pẹ o!”

Àgbàlagbà kí ọ, o ò dáhùn. Ojú tì mí dé egungun. Ráájí dìde, ó yọ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹlẹ́rọ̀fọ̀, ó dìde, ó jókòó padà. Àwọn oníṣẹ́ẹ̀sì wo Wobo. Wobo mi orí: ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ẹnu.

Ṣùgbọ́n Ìyá Sìlífá ò gbà. Ó sọ igbá wàrà kalẹ̀. “Mo rí ìdọ̀bálẹ̀. Ọ̀ta ni mò ń bèèrè. Àbí ọ̀pẹ ni ẹ̀yin méjèèjì? Áà, ó mà ṣe o. Àgbà méjì, ọ̀pẹ méjì!” Ó yí sí Mista Dagogo, ó ń wò ó tàánútàánú, ó fi Pidgin bá a kẹ́dùn: “Teacher. You too? Sorry o.”

Mo ń wo ojú Tíṣà. Láti ìgbà tó ti ń jókòó nítòsí wa, lọ́jọọjọ́ Àìkú, ni ìkíni yẹn ti ń wọ̀ ọ́ létí. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ilé ìṣọ́ tó jẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó wo Ráájí, Ráájí kò wo ẹnikẹ́ni. Ẹnu Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí orúnkún rẹ̀ ti gbọ̀n ṣáájú.

“Ọ̀ta ń jẹ́!” Ó fò dìde. “Ọ̀ta ń jẹ́! Ọ̀pẹ no gree fọhùn!”

Ìyá Sìlífá ní, “Ẹ ṣeun. Ẹ kú ẹ̀kọ́ ilé.” Ó gbé igbá wàrà rẹ̀, ó kọjá.

Wobo di òpó páànù mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Àwa ò rẹ́rìn-ín. A ṣì ń bẹ̀rù, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé ó parí. Múrí ti fìlà rẹ̀ bọ ẹnu, ó ń gé e jẹ.

Mista Dagogo jókòó. Ó wo ilé ìṣọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú mọ́ ẹrù olè. Lẹ́yìn náà, ó fa àpò rẹ̀ jáde. “Rule na rule,” ó ní. “I go pack.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn igi tó ti jẹ sínú àpò, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pa wọ́n mọ́ bí ọmọ ilé ìwé rere. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wolẹ̀. Ayọ̀ kún inú mi, ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ti di tiwa nìkan.

Ìgbà náà ni Ráájí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Teacher,” ó ní, “na your turn. Game never finish.”

Fìlà jábọ́ lẹ́nu Múrí. “Ráájí! O ti sọ̀rọ̀! O ti ba tiwa náà jẹ́!”

Ráájí ní, “Mo gbọ́ ohun tí mo sọ.”

Wobo nu ojú rẹ̀, ó rò ó títí. Ìhà kan ti sọ̀rọ̀, ìhà kejì náà ti sọ̀rọ̀, eré kò sì tíì parí. Ó ní tó bá jẹ́ ti òfin, kí gbogbo wa kó ẹrù wa kúrò nìyẹn, òun á wá jókòó lábẹ́ páànù òun nìkan bí òkú olówó. Ó ní kí a jókòó o jàre. Ó wọlé lọ.

Tíṣà jẹ Ráájí lọ́jọ́ náà, ó jẹ ẹ́ láìkù síbì kan. Bí a ti ń lọ sílé, Múrí bínú dé D-Line. Ó ní kí ló dé tó sọ̀rọ̀, nígbà tí a ti borí? Ráájí ní, “Tí wọ́n bá lọ, ta ni n ó máa bá dákẹ́?”

Àdùkẹ́ pè mí lọ́jọ́ kejì, inú ń bí i. Ó ní mo gbé fóònù, mo gbọ́ ohùn òun, n kò fọhùn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí.

“Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ,” ó ní, “n ò rí ohun tó pa ọ́ lẹ́nu mọ́ rí. Ibẹ̀ ti di ilé ẹ nìyẹn.”

Ó tọ̀nà. A pẹ́ lábẹ́ páànù yẹn. Tíṣà kọ́ èébú ayò lọ́dọ̀ wa, ó ń bú Múrí ní Yorùbá tó ní Kalabari nínú, Múrí sì ń jẹ́wọ́ pé ó dùn ju tòun lọ. Àwa náà kọ́ bí a ṣe ń fi ìdajì ọ̀sán gbọ́ òjò lórí páànù láìfọhùn. Nígbà tí èérí èéfín dúdú láti ibi tí wọ́n ti ń se epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ látojú ọ̀run Port Harcourt, tí ojú funfun pátákó ń di dúdú, Ráájí a máa fi aṣọ aago nu àwọn igi náà. Yóò kọ́kọ́ kéde fún Tíṣà pé òun fẹ́ nù wọ́n ni o, òun ò gbé e o. Múrí ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń gbàṣẹ kí wọ́n tó nu ìdọ̀tí rí.

Ìyá Sìlífá kọ́kọ́ lọ. Wobo tẹ̀ lé e. Wobo sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó kú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú páànù náà.

Àìsàn Ráájí kò pẹ́. Sáúdátù ìyàwó rẹ̀ ló pè mí láàárọ̀, mo mọ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ilé wọn, àbúrò Ráájí wà lórí fóònù láti Ọ̀fà. Ó ní kí a gbé e wálé, ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín kì í sùn sí ilẹ̀ àjèjì, kí ni àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀? Múrí gba fóònù, ó fẹ́ fèsì, ẹkún kò jẹ́. Ó nà án sí mi, mo nà án sí Sáúdátù.

Sáúdátù gba fóònù náà. Ó ní, “Ẹ wo ẹnu ọ̀nà wa, bó bá ṣeé wò láti Ọ̀fà. Tíṣà ọmọ Kalabari ti wà níbẹ̀ láti ìdájí, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó kọ̀ láti jókòó. Àwọn ọmọ Wobo ti gbé àga wá. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Níbí ni yóò sùn.”

Àbúrò Ráájí ní, “Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un níbẹ̀.”

Ọjọ́rú ni a sin Ráájí Àyìnlá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní itẹ́ àwọn Mùsùlùmí ní Port Harcourt.